Orúkọ Tó Kún Àpótí Ní Àkúnwọ́sílẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi wọlẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí èmi àti àbúrò ọkọ mi gbé ọ̀dìnátẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tó dà bí àpótí, dorí kodò nínú oòrùn, tí à ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn àpò tí gàrí ti tán nínú rẹ̀.

Mi ò lọ sílé ìwé. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ kò ju èyí tí Àbíkẹ́ ọmọ ọmọ mi sọ fún mi lọ, mo sì ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé mi ni wọ́n gbé àpótí náà sí, nítorí pé yàrá alámọ̀ tí ọkọ mi kọ́ tutù ju gbogbo ilé bíríkì tó wà ní Idigny lọ, àti nítorí pé mo ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òrùlé. Àpótí kékeré ni. Kò tóbi ju abọ́ tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun.

Ohùn àwọn àgbà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ará mẹ̀rí, ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa, fẹ́ wá kọ ààlà oko gbogbo èèyàn sílẹ̀, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní kí àwọn àgbà sọ ohun tí wọ́n mọ̀ kí ikú tó mú un lọ. Àbíkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní Kútọnu, ló gba ohùn wọn sílẹ̀, òun ló sì kó wọn sínú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti bàbá rẹ̀ á wá jókòó sábẹ́ máńgòrò mi, á ṣí fóònù, àpótí á sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i láìsí okùn kankan. Ẹni tó bá ní nǹkan láti fi kún un á fi ránṣẹ́ padà lọ́nà kan náà. Èmi ni olùṣọ́ rẹ̀. Wọn ò san nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi tìkúnlẹ̀-tìkúnlẹ̀.

Ohùn ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Ó sọ nípa oko wa tó wà lọ́nà Okpomèta, èyí tó bá oko àwọn ará ilé Bàbá Ràímì pààlà. Oṣù méjì lẹ́yìn tó sọ ọ́ ló kú. Mi ò tíì gbọ́ ọ. Mo máa ń sọ pé ó di ọ̀la, nítorí ohùn òkú kì í ṣe ohun téèyàn ń gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Àwa ní ààlà wa dé ibi kòtò, Bàbá Ràímì ní kò dé ibẹ̀. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ilẹ̀ tó gba igba ebè iṣu ló wà. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ará mẹ̀rí ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ wa, a ò sì ní ẹlẹ́rìí kankan ju ohùn yẹn lọ. Àbíkẹ́ ti sọ ọ́ títí pé òun máa da gbogbo ohùn náà kọ síbòmíràn, kò kàn tíì ráyè ni.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, Àbíkẹ́ pè mí.

"Ìyá àgbà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́."

"Mo ti jókòó láti àárọ̀."

"Wọ́n rí àléébù kan nínú ètò tó ń darí àpótí yẹn. Apá tó ń pín nǹkan fún fóònù àwọn èèyàn gan-an ni."

"Àpótí tiwa?"

"Gbogbo irú rẹ̀ tó wà láyé. Ìyá àgbà, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ta àgbàdo, tí mo bá da ẹ̀kún igbá méjì sínú igbá kan ńkọ́?"

"Á dà sórí ẹní."

"Tó bá jẹ́ pé ẹlẹ́lùbọ́ ló tẹ́ ọjà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ńkọ́?"

"Àgbàdo á wọ èlùbọ́ rẹ̀. Ìjà dé nìyẹn."

"Ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Tí èèyàn bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí i tó gùn ju àyè tó tọ́jú sílẹ̀ fún un, kì í wọ̀n ọ́n kó tó gbà á. Á kàn máa dà á wọlé ni. Èyí tó bá ṣẹ́kù á dà sórí ibi tó ń kó èrò ara rẹ̀ sí. Tí olè tó gbọ́n bá mọ ohun tó yẹ kó dà síbẹ̀, àpótí á rò pé èrò tòun ni. Á sì ṣe gbogbo ohun tí olè náà bá wí."

Mo ní olè wo ló máa gun ọ̀kadà wá sí Idigny nítorí ohùn àwọn arúgbó. Àbíkẹ́ ní kí n yọ nǹkan kékeré tó ń tàn wíníwíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, òun ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Kí n má pa àpótí, kí n má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí i títí òun yóò fi mú àtúnṣe dé lọ́jọ́bọ̀.

Mo yọ ọ́. Mo so ó mọ́ etí aṣọ mi kí n má baà gbàgbé ibi tí mo fi í sí. Lẹ́yìn náà mo gbé bàsíà kan sábẹ́ àpótí. Àbíkẹ́ kò ní kí n gbé bàsíà. Ṣùgbọ́n ọmọ sọ pé nǹkan fẹ́ dà sílẹ̀, ta ni kò ní gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì ni Ìdílẹ̀kẹ̀ dé. Àbúrò ọkọ mi ni. A kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ nílé wa, nítorí náà ìyẹn lorúkọ tí mo sọ ọ́ nígbà tí mo wọlé ọkọ, torí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ tó máa ń dún kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ti já tipẹ́, orúkọ ò já. Bí mo tilẹ̀ ju ọmọdé tí mo bá nílé nígbà náà lọ lọ́jọ́ orí, ọkọ mi ló jẹ́, ìyàwó ló ń pè mí títí dòní. Félísítè, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ló tẹ̀ lé e wá.

"Ìyàwó," ni Ìdílẹ̀kẹ̀ wí, kò tíì jókòó, "kí ni wọ́n kọ sára ohùn ẹ̀gbọ́n mi?"

Félísítè wo ìwé tó ti da orúkọ inú àpótí kọ sí. "Ọdẹ́wálé."

"Kí ló tẹ̀ lé e?"

"Kò sí nǹkan tó tẹ̀ lé e, mà."

"Ọdẹ́wálé, lásán? Bí ẹni ń pe ajá? Ti bàbá Bàbá Ràímì ńkọ́?"

"Àlájì Sálámì, baba àwọn oníṣu."

Ìdílẹ̀kẹ̀ wá jókòó. Ó ní, "Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á ka Àlájì Sálámì, baba àwọn oníṣu, lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n á wá ka Ọdẹ́wálé. Ìyàwó, ìwọ lo sì ń sùn ti àpótí náà."

Kí ẹ mọ̀ pé láti àádọ́ta ọdún, èmi ò fi ẹnu mi pe orúkọ ọkùnrin yẹn rí. Bàbá Délé ni mò ń pè é. Títí di ìsinsìnyí, ọmọ tó ń bá mi kọ èyí ló ń kọ ọ́ síbi tó yẹ, èmi kàn ń fi ọwọ́ júwe ni. Ìtìjú wá mú mi pé wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lásán nínú yàrá mi. Mo sọ fún wọn pé Àbíkẹ́ ní kí a má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sínú àpótí.

"Kí ló dé?" ni Ìdílẹ̀kẹ̀ bi mí.

"Nítorí olè."

"Ta ló jẹ́ olè nínú wa?"

Mo wo ojú Félísítè, mo wo ojú Ìdílẹ̀kẹ̀. Kò sí olè nínú wa lóòótọ́. Mo tú etí aṣọ mi, mo dá nǹkan tó ń tàn padà sí àyè rẹ̀.

Ìdílẹ̀kẹ̀ dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Félísítè sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, kó lè fi í rọ́pò orúkọ tó wà lára ohùn náà. Ọdẹ́wálé Àjàní, ọmọ aríjù-má-ṣojo, ọmọ a-fọkọ́-kọ̀wé-sórí-ilẹ̀, ọmọ iṣu tó fọ́ ebè kó tó jáde. Nígbà tó parí ti bàbá, ó yà sí ti ìyá. Nígbà tó parí ti ìyá, ó rántí pé àwọn ìbátan wọn, àwọn ará Odomèta, pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí i. Félísítè ń yí àtàǹpàkò padà, ọ̀kan ti rẹ̀ ẹ́.

"Mà, ó ti gùn díẹ̀."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi kúrú ni?"

Félísítè fi í ránṣẹ́. Iná àpótí, tó máa ń tàn bí ewé, pọ́n bí ata, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo inú bàsíà. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Félísítè ní ká tàn án padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí ti iléeṣẹ́ ọkọ òun. A tẹ ìdí rẹ̀, iná tàn, inú wa dùn. Kí a tó mí, ó tún pọ́n, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé fóònù Félísítè ò tíì gbà pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán òun. Bí àpótí bá ti lajú báyìí, fóònù á tún ki í láti ìbẹ̀rẹ̀, àpótí á tún dákú. A jókòó tì í, à ń fi oríkì pa á, a sì ń kẹ́dùn rẹ̀.

Ibi tí mo ti wá ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì lé lórí nìyí. Mo ro ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́ yíká. Ó ní nǹkan máa kún, á dà sórí èrò àpótí. Mo ní tó bá jẹ́ pé orúkọ ló kún un lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká da èyí tó lé nù, kí ó lè mí. Ìdílẹ̀kẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè. A yọ okùn rẹ̀, a gbé e jáde sínú oòrùn, mo di apá kan mú, ó di apá kejì, a dorí rẹ̀ kodò sórí bàsíà, a sì gbọ̀n ọ́n.

Nǹkan kan jábọ́. Eruku díẹ̀ ni, ìyẹ́ eèrà, àti ẹyin ọmọńlé méjì.

"Ìyàwó, rọra," ni Ìdílẹ̀kẹ̀ wí. "Ṣé kì í ṣe ohùn rẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní ẹyin ọmọńlé ni. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ní tòótọ́, mi ò lè búra. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbá eruku náà jọ, ó so ó mọ́ igun rẹ̀, ó fi ẹyin méjèèjì sílẹ̀ fún mi.

Bàbá Ràímì ló ń kọjá lọ sóko. Ó dúró, ó fi àdá ti ara rẹ̀ ró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Bàbá Délé lẹ̀ ń gbọ̀n dànù?"

"Afẹ́fẹ́ la fẹ́ kó fẹ́ sí i," ni mo wí.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bàbá tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Kò bá wa jà. Ó kàn padà sílé, ó mú ẹní àti búútà àlùwàlá rẹ̀ wá, ó sì wá jókòó sábẹ́ máńgòrò mi. Ó ní òun máa bá wa ṣọ́ ọ títí Àbíkẹ́ yóò fi dé. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó síbẹ̀, tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, tó sì ń ṣàlàyé ìdí tóun fi wà níbẹ̀ fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un. Lójú oorun, mò ń rí igba ebè iṣu tó ń rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àbíkẹ́ dé lọ́jọ́bọ̀ lórí ọ̀kadà, eruku pupa ti bo ojú rẹ̀. Ó wo bàsíà, ó wo Bàbá Ràímì, ó wo Ìdílẹ̀kẹ̀ tó di igun gèlè rẹ̀ mú.

"Ìyá àgbà, ta ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí i?"

"Kò sẹ́ni tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ó kàn kú fúnra rẹ̀."

Irọ́ ni mo pa. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn lè dàgbà kó tún máa pa irọ́ ọmọdé. Àbíkẹ́ fi okùn so àpótí mọ́ ọ̀dìnátẹ̀ tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mi ò mọ̀ pé àpótí náà ní ìwé kan nínú tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sí, àti ẹni tó ṣe é. Ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ohùn rẹ̀ gbẹ bí ti ẹni ń ka ìwé ẹjọ́.

"Ọdẹ́wálé Àjàní, ọmọ aríjù-má-ṣojo…"

Ẹ mọ bí oríkì ṣe rí. Ẹni tó ni ín kò lè jókòó bí òkúta. Kí Àbíkẹ́ tó dé ibi iṣu tó fọ́ ebè, Ìdílẹ̀kẹ̀ ti ń mi orí. Nígbà tó dé ti ìyá, ó ti dìde. Nígbà tó kan àwọn ará Odomèta, ó ti kúnlẹ̀ níwájú ọ̀dìnátẹ̀, ó ń dáhùn, "Èmi nìyí o, ọmọ wọn nìyí." Àbíkẹ́ gbójú sókè, ó wò ó, ó wá wò mí.

"Ó kàn kú fúnra rẹ̀," ni Bàbá Ràímì sọ láti abẹ́ máńgòrò.

Mo jẹ́wọ́. Mo ní àwa ò jẹ́ olè, ìdí tí a fi ṣe é nìyẹn. Àbíkẹ́ ní àpótí kò mọ olè yàtọ̀ sí àǹtí. Ó ní bí nǹkan bá ti gùn ju igbá lọ, á dà, ìbáà jẹ́ èébú, ìbáà jẹ́ oríkì. Orí wa ló tiẹ̀ bá wa ṣe é tó fi jẹ́ pé ó kàn dákú. Ká ní ọ̀tá ló fi irú gígùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, kò ní dákú, ṣe ni yóò máa sin ọ̀tá náà.

"Ohùn rẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í. Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn.

Ó ní ibi tó ń ronú ló kún, àká tó ń kó ohùn sí yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ohùn yẹn gan-an la wà, tí à ń pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, nígbà tó dákú, òun ò sì mọ̀ bóyá ó yè. Ó kọ́kọ́ fi àtúnṣe sí àpótí. Oòrùn yí láti ẹ̀yìn ilé dé iwájú ilé. Ó tàn án, iná rẹ̀ sì dúró ní àwọ̀ ewé. Ó wá mú fóònù Félísítè, ó ní kó tún oríkì náà fi ránṣẹ́. Mo di ojú mi. Àpótí kò kú. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan jáde, Àbíkẹ́ sì túmọ̀ rẹ̀: orúkọ yìí gùn jù, mi ò lè gbà á. Ìdílẹ̀kẹ̀ ní ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Èmi ní tèmi rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀kọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Àbíkẹ́ rí ohùn bàbá rẹ̀ àgbà. Ó wà láàyè, Ọdẹ́wálé lásán ṣì ni orúkọ rẹ̀. Ó da gbogbo ohùn náà kọ síbòmíràn kó tó jẹun. Ìdílẹ̀kẹ̀ tú igun gèlè rẹ̀, ó gbọn eruku náà dànù, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn mẹ̀rí kún. Ọkùnrin mẹ̀rí kan tó wọ awò gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ohùn ọkọ mi jáde. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, bó ṣe máa ń ṣe. Mo di etí àga mú.

"Orúkọ mi ni Ọdẹ́wálé," ló wí. "Àgbẹ̀ ni mí."

Ó parí síbẹ̀. Kò ki ara rẹ̀. Mo rí i tí Ìdílẹ̀kẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ààlà wa bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìrókò tí wọ́n gé, ó gba ẹ̀bá ọ̀nà, ó dé kòtò tí ìyàwó mi já sí. Apẹ̀rẹ̀ gbágùúdá ló rù. Ó ń bínú sí mi lọ́jọ́ náà, kò wo ilẹ̀. Orí rẹ̀ bọ́ sí ìhà ti àwọn ará ilé Sálámì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà ní ìhà tiwa, lókè. Ibi tí ìbàdí rẹ̀ wà ni ààlà wa. Kí ẹnikẹ́ni má yí i padà."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín ní gbọ̀ngàn yẹn, mi ò lè sọ ọ́. Ogójì ọdún ni mo fi bo ọ̀rọ̀ kòtò náà mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo bí ò gbọ́ sí i. Ọkùnrin mẹ̀rí bọ́ awò rẹ̀, ó nu ún, ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tó mọ̀ nípa ìṣubú náà. Bàbá Ràímì dìde.

"Èmi ni. Ọmọdékùnrin ni mí nígbà náà. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tí mo fi fà á jáde. Bí bàbá yẹn ṣe sọ ọ́ náà ló rí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń sọ pé ààlà ò dé kòtò?"

"Ọ̀gá, obìnrin náà fún mi ní iṣu sísun, ó ní kí n má dárúkọ kòtò yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo ti jẹ iṣu náà. Mi ò dárúkọ rẹ̀."

Ọkùnrin mẹ̀rí wá bèèrè ibi tí obìnrin náà wà. Mo dìde. Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé wọn lọ sóko, mo dúró létí kòtò, mo sì fi ọwọ́ hàn wọ́n ibi tí ìbàdí mi wà, wọ́n ń fi okùn wọ̀n ọ́n, Bàbá Ràímì ń tún un ṣe fún mi: "Ẹ sún un díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ̀ ń ṣojúsàájú." Wọ́n ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ ibẹ̀. Igba ebè iṣu náà wà lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Kí èèyàn tó da nǹkan, kó wo igbá tó fẹ́ gbà á. Ìfẹ́ kì í sọ igbá di agbada, bó ti wù kí ohun tí à ń dà dára tó. Àti pé ẹni tí a ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kì í bèèrè bóyá òun jẹ́ olè. Àbíkẹ́ bi Ìdílẹ̀kẹ̀ léèrè ohun tí kóun kọ sára ohùn náà báyìí tí ẹjọ́ ti parí. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ bó ṣe pe ara rẹ̀."

Èmi lọ̀rọ̀ náà wá kù sí lọ́rùn. Nínú ìwé mẹ̀rí, wọ́n ní láti fún òpó ààlà náà lórúkọ, ohun tí wọ́n sì kọ ni Kòtò Ìyàwó. Bí mo bá kọjá níbẹ̀ tí mò ń lọ sóko, mo máa ń kí i, nígbà mìíràn ẹ̀rín á pa mí níbẹ̀ lémi nìkan. Èmi náà ti wọ ìwé ìjọba, orúkọ mi ò sì gùn. Ó gba àyè tí wọ́n fún un, kò dà sórí tẹnikẹ́ni.